Ta ló sọ ọ́, níbo ló sì ti sọ ọ́?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kan tí Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ wà nínú rẹ̀. A fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà tí oṣù kọ̀ọ̀kan yóò ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kan láti ẹnu aṣáájú ẹ̀sìn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ṣa méjèèjìlá jọ. Lára wọn ni ti Gandhi pé kí á jẹ́ àyípadà tí a fẹ́ rí láyé, ti Francis Mímọ́ ti Assisi pé kí á máa wàásù nígbà gbogbo, kí á sì lo ọ̀rọ̀ ẹnu bó bá di dandan, àti hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà wá láti ẹnu Ànábì, pé kí á wá ìmọ̀ kódà kó jẹ́ ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní ayédèrú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn yòókù ní kò burú, pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣáà ti dára, ẹni tó sọ ọ́ kò já mọ́ nǹkan kan. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó? Ṣé ó sì tó ohun tí èèyàn ń da ara rẹ̀ láàmú lé lórí?"

Arábìnrin mi, ẹ kú iṣẹ́ akọ̀wé o, iṣẹ́ tí kì í lọ́pẹ́. Ẹni tó ta yín lólobó nínú ìgbìmọ̀ yẹn jàre lórí méjì àti ààbọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, màá sì dé orí ààbọ̀ yẹn láìpẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ni pé "ṣé ó sọ ọ́ àbí kò sọ ọ́" kò tíì jẹ́ ìbéèrè tó ṣe é dáhùn. Èyí tó ṣe é dáhùn ni: níbo ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, lọ́dún wo, ta ló kọ ọ́, ṣé onítọ̀hún sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́? Bí àyọlò kan kò bá ní ohunkóhun lábẹ́ ju orúkọ èèyàn ńlá lọ, àgbọ́sọ ni, bó ti wù kí orúkọ náà tóbi tó.

Ẹ jẹ́ ká fi ti Gandhi ṣe àpẹẹrẹ. Ìjọba Íńdíà kó ohun tí Gandhi kọ, ohun tó sọ àti lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ jọ sínú ìdìpọ̀ 100. Gbólóhùn tó wà nínú kàlẹ́ńdà yín kò sí nínú ọ̀kankan. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni ohun tó kọ ní oṣù kẹjọ ọdún 1913 nínú Indian Opinion, ìwé ìròyìn tó ń gbé jáde ní Gúúsù Áfíríkà. Èdè Gujarati ló fi kọ ọ́, nínú ọ̀wọ́ àpilẹ̀kọ kan lórí ìlera, èyí tí ti ọ̀sẹ̀ yẹn sì dá lórí, ẹ má rẹ́rìn-ín, ohun tí èèyàn máa ṣe bí ejò bá bù ú jẹ. Ibẹ̀ ló ti sọ pé bí a bá lè yí ara wa padà, ìṣesí ayé náà yóò yí padà, pé bí ìwà èèyàn bá ṣe ń yí padà ni ojú tí ayé fi ń wò ó ń yí padà, àti pé kò yẹ ká máa dúró wo ohun tí ẹlòmíì máa ṣe. Ní ti gbólóhùn kúkúrú tí gbogbo ayé mọ̀, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Arleen Lorrance ló tẹ irú rẹ̀ jáde nínú ìwé ní 1974, nígbà tí Gandhi ti kú láti 1948. Èrò náà, ẹ lè sọ pé ti Gandhi ni. Gbólóhùn náà kì í ṣe tirẹ̀.

Ti Francis tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Francis kú ní 1226. Ìwé tó kọ tó ṣẹ́kù kò pọ̀, gbólóhùn yẹn kò sí níbẹ̀, kò sì sí nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí Thomas ará Celano kọ láìpẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tó wà ni orí 17 nínú òfin tí Francis ṣe ní 1221 fún àwọn arákùnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ ìsìn tó dá sílẹ̀. Orí yẹn ní kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ṣe wàásù láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n kí gbogbo wọn máa fi ìṣe wọn wàásù. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ nípa àṣẹ ló yí gbólóhùn náà ká. Francis fúnra rẹ̀ kì í pa ẹnu mọ́, abúlé dé abúlé ló ń lọ pẹ̀lú ìwàásù lẹ́nu. Àwọn tó ń lo àyọlò ti òde òní sì sábà máa ń fi í sọ pé kò pọn dandan kéèyàn la ẹnu rárá nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú nípa rẹ̀: wọn kò kàn fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, wọ́n tún fi í bá ìgbésí ayé ẹni tó ni orúkọ náà jà.

Ẹ ó sọ pé ojúlé tí ẹ ti rí àwọn ọ̀rọ̀ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ lọ súà. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ogún èèyàn bá pọn omi láti inú kànga kan, kànga kan náà ló ṣì jẹ́. Ọ̀pọ̀ ojúlé tó ń kó àyọlò jọ, ara wọn ni wọ́n ń dà kọ, pẹ̀lú àṣìkọ kan náà, pẹ̀lú àwòrán kan náà. Bí ẹ bá rí ẹgbẹ̀rún ojúlé tí kò sí ọ̀kan tó sọ ìwé, ọdún tàbí ojú ìwé, òǹkà ẹ̀rí yín ṣì wà ní òdo.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe ń kúrò lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́ bọ́ sí ẹnu ẹlẹ́nu? Àwọn èèyàn rò pé onírọ́ kan ló jókòó síbì kan tó ń hun ún. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ èyí tí mo ti tọpa rẹ̀, kò sí onírọ́ kankan níbẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, nígbà tí wọ́n pa Osama bin Laden. Obìnrin kan kọ èrò ọkàn ara rẹ̀ sórí Facebook, pé òun ń ṣọ̀fọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀mí tó ṣòfò, ṣùgbọ́n òun kò ní yọ̀ nítorí ikú ẹnì kan, kódà kó jẹ́ ọ̀tá. Lẹ́yìn gbólóhùn tirẹ̀ yìí ló wá ṣí àmì àyọlò, tó fi ọ̀rọ̀ Martin Luther King tì í, ojúlówó ọ̀rọ̀ láti inú ìwé tí King tẹ̀ jáde ní 1963, nípa bí ìkórìíra tí a fi san ìkórìíra ṣe ń sọ ìkórìíra di púpọ̀. Ohun tó kọ kò ní àléébù kankan. Àmọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń dà á kọ, àmì àyọlò já bọ́, gbogbo rẹ̀ wá di ti King. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé e kúrú kó lè wọ inú Twitter, apá tó jẹ́ ti King gan-an ni wọ́n sì gé sọnù. Láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan, King, tó ti kú láti 1968, ti ń sọ̀rọ̀ lórí ikú bin Laden káàkiri ayé.

Nígbà míì, ògiri ló ń fa á. Àwọn òfin olókìkí tó ní kí á fẹ́ràn àwọn èèyàn bó ti wù kí wọ́n ṣòro tó, kí á ṣe rere bí wọ́n tilẹ̀ máa gbàgbé rẹ̀ lọ́la, ni gbogbo ayé ń pè ní ọ̀rọ̀ Ìyá Teresa. Kent M. Keith ló kọ wọ́n ní 1968, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Harvard, sínú ìwé ìléwọ́ kan tó wà fún àwọn aṣáájú akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ kan dé ara ògiri ilé àwọn ọmọdé tí Ìyá Teresa dá sílẹ̀ ní Calcutta. Ìwé kan nípa Ìyá Teresa tó jáde ní 1995 tẹ ohun tó wà lára ògiri náà, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di tirẹ̀ nìyẹn. Àwòrán náà máa ń fa á. Àdúrà tó bẹ̀rẹ̀ pé "Olúwa, fi mí ṣe ohun èlò àlàáfíà Rẹ", tí wọ́n ń pè ní àdúrà Francis Mímọ́, ìwé ìròyìn kékeré kan ní Paris tó ń jẹ́ La Clochette ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 1912, láìfi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Nígbà tó yá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn káàdì tí àwòrán Francis wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá yí káàdì náà padà yóò rò pé ẹni tó wà níwájú ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Ìgbà tí nǹkan bá le náà wà lára rẹ̀. Wọ́n ní Martin Luther, alátùn-únṣe ìjọ tó kú ní 1546, sọ pé bí òun bá mọ̀ pé ayé máa parẹ́ lọ́la, òun á gbin igi ápù òun lónìí. Ibi tí àwọn tó wá a kiri kọ́kọ́ rí i ni Jámánì ní 1944, láàárín ogun. Ẹni tí bọ́ǹbù ń já lé lórí nílò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì nílò rẹ̀ láti ẹnu ẹni tó tóbi ju òun lọ. Òmíràn wà tí aṣáájú náà sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀. King sọ ọ́ ní Montgomery ní 1965 pé ọ̀nà ayé lórí ìwà rere gùn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ òdodo ló ń tẹ̀ sí. Theodore Parker, pásítọ̀ tó jà fún òmìnira àwọn ẹrú, ti tẹ kókó ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwàásù ní 1853. Èyí tí wọ́n bù lórí náà kò gbẹ́yìn. Bíbélì kò sọ pé owó ni gbòǹgbò ohun búburú gbogbo, "ìfẹ́ owó" ló sọ, nínú Tímótì Kìíní 6:10. "Ọlọ́run ń ran ẹni tó bá ran ara rẹ̀ lọ́wọ́" tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń búra pé ó wà nínú Òwe kò sí nínú Bíbélì rárá. Benjamin Franklin tẹ̀ ẹ́ sínú álímánáákì rẹ̀ ní 1736, ẹlòmíì sì ti kọ ọ́ ṣáájú rẹ̀.

Mo ṣèlérí ààbọ̀ kan. Hádíìsì ilẹ̀ Ṣáínà ni. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn onímọ̀ hádíìsì ti ṣáájú gbogbo wa, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè pé "ta ló sọ fún ẹ?" Wọn kì í gba ọ̀rọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) lásán, àfi pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n sì máa ń yẹ ìwà àti ìrántí ẹnì kọ̀ọ̀kan wò, bóyá ó tilẹ̀ bá ẹni tó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láyé. Wọn kì í sì í fi "òótọ́" àti "irọ́" nìkan ṣe ìdájọ́. Sọhíìhì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ wà, hásánù tó dára wà, doífù tó lẹ, tí kò lágbára, wà, maodúù tó jẹ́ àhunpọ̀ wà. Ti Ṣáínà yìí, Ibn al-Jawzi, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ náà, kó o mọ́ àwọn àhunpọ̀. Al-Bayhaqi, onímọ̀ míì, ní òkìkí rẹ̀ kàn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà wá lẹ. Ìyẹn ni pé wọn kò fẹnu kò lórí bó ṣe burú tó, ṣùgbọ́n kò sí nínú àwọn méjèèjì ẹni tó pè é ní sọhíìhì. Èyí tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀ ni "wíwá ìmọ̀ jẹ́ ọ̀ranyàn lórí gbogbo Mùsùlùmí", tó wà nínú àkójọ Ibn Majah, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà wọlé nítorí ọ̀nà púpọ̀ tó gbà wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni "abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ìyá ni àlùjánńà wà": ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé e ní gbólóhùn báyìí lẹ, ṣùgbọ́n an-Nasa'i gba èyí tó sún mọ́ ọn wá, níbi tí Ànábì ti sọ fún ọkùnrin kan tó fẹ́ lọ sójú ogun pé kó lọ dúró ti ìyá rẹ̀, nítorí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àlùjánńà wà. Ẹ wò ó bí ojúlówó ṣe máa ń ní èèyàn nínú, tó ní ìdí, tó ní ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Ní ti bí ẹ ṣe lè yẹ tiyín wò, ẹ má fi Yorùbá wá ohun tí wọn kò fi Yorùbá sọ. Ẹ wá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní èdè tó ti wá, ẹ mú ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún tó ṣàrà ọ̀tọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ fi àmì àyọlò dì í ní apá méjèèjì, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sínú Google. Láìsí àmì yẹn, ohun tó jọ ọ́ ni wọ́n máa kó fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Wikiquote, ojúlé tó ń kó àyọlò jọ pẹ̀lú orísun wọn, ẹ ṣí ojú ìwé aṣáájú náà, kí ẹ má sì dúró sókè: apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kó èyí tí wọ́n ń jiyàn lé lórí àti èyí tí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀ sí. Quote Investigator, ojúlé tó ń tọpa àyọlò, dára gan-an fún àwọn olókìkí. Ọ̀rọ̀ hádíìsì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí sunnah.com, kí ẹ sì tún bi ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ti Búdà, SuttaCentral. Ti àwọn póòpù òde òní, ojúlé Vatican. Ti King, ilé ìwádìí tó wà ní Yunifásítì Stanford. Bí ẹ bá lo Google Books, ẹ ṣọ́ra fún ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ìwé ìròyìn tí wọ́n dì pọ̀ fún ogójì ọdún lè gbé ọdún tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde, kí ẹ wá rò pé ẹ ti rí ohun àtijọ́. Ẹ ṣí ojú ewé náà, kí ẹ fi ojú ara yín rí déètì, kí ẹ ka ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e.

Imú náà lè gbóòórùn nǹkan. Bí ẹni tó gbé ayé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ta ìwé bí-a-ṣe-ń-ṣàṣeyọrí, tí gbólóhùn rẹ̀ kúrú tó sì tẹ́jú bí ohun tí wọ́n ṣe fún ara ife tíì, ẹ fura. Àmọ́ ìfura nìkan ni, kì í ṣe ìdájọ́. "Fẹ́ràn, kí o sì ṣe ohun tó wù ọ́" dún bí ohun tí ọ̀dọ́ kan kọ sórí Instagram lánàá. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Kristẹni àtijọ́, ló sọ ọ́ ní tòótọ́, nínú ìwàásù keje tó ṣe lórí Ìwé Jòhánù Kìíní. Ohun tó ń ṣàlàyé níbẹ̀ ni pé bàbá lè na ọmọ pẹ̀lú ìfẹ́, oníṣòwò ẹrú sì lè máa pọ́n ọmọ lé láìsí ìfẹ́ kankan. Kò sọ pé kí kálukú máa ṣe bó ṣe wù ú.

Ẹ má fi ChatGPT tàbí àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Mo ń lò wọ́n láti fi wá ibi tí màá gbà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọ́n lè fún yín ní orúkọ ìwé àti ojú ewé tí kò sí láyé, pẹ̀lú ìdánilójú tó ju ti wòlíì lọ. Àwọn aṣáájú tó ṣì wà láàyè sì ní ìṣòro tiwọn: fídíò tí wọ́n gé, ohùn tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, àwòrán ojú wọn tí ọmọ ìjọ kan kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wá odindi ìwàásù náà, ẹ gbọ́ ọ lódindi. Bí kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ wá bi mí pé ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń da ara rẹ̀ láàmú lé lórí. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ní ọ̀rọ̀ náà ti tó ni pé kí wọ́n yọ orúkọ náà kúrò nígbà náà, kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà nìkan. Wọn kì í gbà. Orúkọ yẹn ni wọ́n ń tà, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ènì. Nínú ẹ̀sìn, orúkọ ní agbára tí kò ní níbòmíì: èèyàn lè tìtorí pé aṣáájú òun sọ ọ́ jáwọ́ nínú oògùn, tàbí kó kó owó kalẹ̀, tàbí kó kórìíra aládùúgbò rẹ̀. Ànábì fúnra rẹ̀ kìlọ̀, nínú èyí tí Bukhari àti Muslim gbà wá, pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa irọ́ mọ́ òun, kó múra ibùjókòó rẹ̀ sílẹ̀ nínú iná. Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ wúwo bákan náà. Bí gbólóhùn Gandhi yẹn bá wọ orí kàlẹ́ńdà, kò sẹ́ni tó máa kú. Ohun tí mi ò fẹ́ ni "wọ́n ní Gandhi ló sọ pé". Kò sẹ́ni tó ń ka "wọ́n ní", orúkọ lojú ń bọ́ sí.

Ibì kan wà tí agbára mi mọ, ti ẹnikẹ́ni sì mọ. Kò sẹ́ni tó lè fi hàn pé èèyàn kò fìgbà kan sọ ohun kan rí. Wọ́n fi ẹnu gbé ẹ̀kọ́ Búdà wá fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Sri Lanka. Àwọn tó ń bá Luther jẹun ló ń kọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ nídìí tábìlì, kálukú bó ṣe gbọ́ ọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá padà dé iwájú ìgbìmọ̀, ẹ má sọ pé "kò sọ ọ́". Ẹ sọ pé kò sí nínú ohun tó kọ, kò sì sí nínú ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ. Ìyẹn lẹ lè gbè lẹ́yìn. Bó bá sì jẹ́ àgbà kan ló mú ọ̀rọ̀ náà wá, ẹ lọ bá a ní ìkọ̀kọ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ mú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ dání.

Fún kàlẹ́ńdà yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ Gandhi ti 1913 sí oṣù kìíní, pẹ̀lú orúkọ ìwé ìròyìn náà. Ti Francis, ẹ lo èyí tó wà nínú òfin 1221, orí 17. Ti Ṣáínà, ẹ fi ti Ibn Majah rọ́pò rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi han áàfáà tí ẹgbẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé. Mẹ́sàn-án tó kù, ẹ yẹ̀ wọ́n wò bí mo ṣe sọ. Èyí tó bá sú yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ibi tí ẹ ti rí i, a ó jọ wá a. Èyí tí a kò bá rí orísun rẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ẹ tẹ̀ ẹ́ láìsí orúkọ. Bí ìgbìmọ̀ bá wá ní àyè kò gba ọdún àti ojú ìwé lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kí wọ́n dín àwòrán òdòdó kù.